Ẹnu Ni Ó Gbé Àwòrán Ró: Àgbéyẹ̀wò Òwò àti Ìlò Èdè ní Ilé-Iṣẹ́ Kàtúùnù Hanna-Barbera

Ìfáàrà

Nígbà tí lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá bá ń ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ọnà kan, ohun tí ó sábà máa ń wò ni kókó ọ̀rọ̀, ẹ̀dá-ìtàn, ibùdó ìtàn, àhunpọ̀ ìtàn àti ìlò èdè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó béèrè pé èló ni wọ́n ná sí iṣẹ́ náà, ta ni ó san owó náà, àti pé ta ni ó ni iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán. Bí ó bá jẹ́ ìwé ewì ni, a lè fo àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kí ó má fi bẹ́ẹ̀ pa wá lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kàtúùnù orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni, ẹni tí kò bá béèrè wọn kò ní í mọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi rí bí ó ti rí.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti tọpasẹ̀ òwò ilé-iṣẹ́ kan, èyíinì ni Hanna-Barbera ti ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, láti 1957 tí wọ́n dá a sílẹ̀ títí di 2001 tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí a sì fi bí owó ṣe darí ìlò èdè nínú iṣẹ́ wọn hàn. Èrò wa ni pé àìtó owó ni ó sọ ẹnu di òpó iṣẹ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tí òpó yìí dúró ṣinṣin, àìtó owó kò ba iṣẹ́ jẹ́. Nígbà tí ikán mu òpó yìí, kò sí ohun mìíràn tí ó lè gbé ilé náà ró mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé kàtúùnù tí ń sọ Yorùbá ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí à ń kọ́, àwa ni a ó sì bi léèrè bóyá èdè inú wọn dára tàbí kò dára.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Náà

William Hanna (1910–2001) àti Joseph Barbera (1911–2006) ti jọ ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún ní ẹ̀ka kàtúùnù ilé-iṣẹ́ sinimá MGM kí wọ́n tó dá dúró. Àwọn ni wọ́n ṣẹ̀dá Tom and Jerry, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1940. Méje nínú àwọn fíìmù náà ni ó gba ẹ̀bùn Oscar. Ẹni tí ó bá ti wò wọ́n yóò rántí pé ológbò àti eku yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ara ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀: wọn a máa sáré, wọn a máa ṣubú, wọn a máa fọ́ àwo mọ́ ara wọn lórí. Irú eré báyìí ń fẹ́ àwòrán púpọ̀, àwòrán púpọ̀ sì ń fẹ́ owó púpọ̀. Fíìmù oníṣẹ́jú méje lè gba bí 14,000 àwòrán, owó rẹ̀ a sì máa lé ní 30,000 dọ́là.

Ní 1957, àwọn oníṣirò owó MGM ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá tún àwọn fíìmù àtijọ́ gbé jáde, owó tí yóò wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí fíìmù tuntun ń mú wá. Ni wọ́n bá ti ẹ̀ka kàtúùnù náà pa. A fẹ́ kí òǹkàwé fi kókó yìí sọ́kàn, nítorí pé yóò tún jẹ yọ níwájú. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣẹ̀dá Tom and Jerry jáde lọ́wọ́ òfo. Ilé-iṣẹ́ ni ó ni ológbò, òun náà ni ó ni eku.

Ní oṣù keje ọdún 1957 yìí kan náà, Hanna àti Barbera dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú George Sidney, ẹni tí ó jẹ́ olùdarí sinimá. Screen Gems, tí ó jẹ́ ẹ̀ka amóhùnmáwòrán ilé-iṣẹ́ Columbia, ni ó gbà láti máa tà wọ́n lọ́jà.

Àìtó Owó àti Ọgbọ́n Tí Ó Bí

Owó tí Screen Gems fi lọ̀ wọ́n fún ìtàn oníṣẹ́jú márùn-ún kan kò tó 3,000 dọ́là. Bí a bá fi èyí wé owó tí wọ́n ń ná ní MGM, a ó rí i pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn Yorùbá ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Hanna àti Barbera fi òòbẹ̀ ṣẹbọ lóòótọ́. Ní oṣù Kejìlá 1957, iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́, The Ruff and Reddy Show, jáde lórí NBC.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá rọrùn láti ṣàlàyé. Dípò kí wọ́n tún gbogbo ara ẹ̀dá-ìtàn yà ní ìgbà gbogbo tí ó bá mira, wọ́n dá ara dúró, wọ́n wá ń pààrọ̀ ẹnu, ojú tàbí ẹsẹ̀ nìkan. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn ẹranko wọn fi wọ kọ́là tàbí táì sí ọrùn láìwọ ṣòkòtò: kọ́là ni ó bo ojú ibi tí orí ti pàdé ara, kí orí lè máa yí kí ara sì dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ̀dá-ìtàn bá ń sáré, igi àti òkúta kan náà ni yóò máa kọjá lẹ́yìn rẹ̀ léraléra. Bí ó bá fẹ́ ṣubú, ó lè kọjá kúrò lójú àwòrán, kí a kàn gbọ́ ìró rẹ̀ gbì! Ẹnu pàápàá kò ju bí mélòó kan lọ: èyí tí ó yà sílẹ̀, èyí tí ó pa dé, èyí tí ó ká roboto. Báyìí ni fíìmù oníṣẹ́jú méje ṣe dín kù láti bí 14,000 àwòrán sí bí 2,000.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbóríyìn fún wọn nítorí èyí. Chuck Jones, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kàtúùnù Warner, fi irú iṣẹ́ yìí wé rẹ́díò tí a ya àwòrán sí. Ẹ̀gàn ni ó fi í ṣe. A kò ní í jiyàn pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá di ojú rẹ̀ yóò gbọ́ ìtàn náà yé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ohun tí Jones kà sí àbùkù ni àwa tí a ti inú lítíréṣọ̀ alohùn jáde gbọ́dọ̀ wò dáadáa kí a tó gba ìdájọ́ rẹ̀.

Ẹnu Gẹ́gẹ́ bí Òpó Iṣẹ́

Apàlọ́ kì í sáré yí agbo ká nígbà tí ó bá ń sọ bí Ìjàpá ṣe sáré. Orí àpótí ni ó jókòó sí. Ohùn rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń ṣe é, àwọn ọmọ sì ń rí Ìjàpá bí ẹni pé ó wà níwájú wọn. Ohùn ránmú-ránmú tí apàlọ́ fi ń sọ̀rọ̀ Ìjàpá ni ó yà á sọ́tọ̀ sí Yánníbo àti sí ọba. Bí a bá gba àlọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà pípé, a kò lè sọ pé kàtúùnù tí ó gbé ara lé ohùn jẹ́ aláàbọ̀ iṣẹ́ nítorí pé ara kò mì tó. Ohun tí ó kù láti béèrè ni pé, ṣé ẹnu náà tó ohun tí a gbé lé e lórí?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tó o. Ohùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà sílẹ̀ kí ayàwòrán tó fi ọwọ́ kan nǹkan, ohùn yìí ni àwòrán sì ń tẹ̀ lé. Daws Butler àti Don Messick ni òpómúléró iṣẹ́ yìí. Butler nìkan ni ó sọ̀rọ̀ fún Yogi Bear, Huckleberry Hound, Quick Draw McGraw àti Snagglepuss, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ wọn tí yóò ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Huckleberry ń sọ̀rọ̀ bí ará gúúsù Amẹ́ríkà tí kì í kánjú, bí ilé tilẹ̀ ń jó. Snagglepuss ń sọ̀rọ̀ bí òṣèré orí ìtàgé tí ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ jù. Ìsọ̀rọ̀ ni ẹ̀dá-ìtàn níhìn-ín. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ajá tàbí kìnnìún lásán ni ó kù. Àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu kì í ṣe ọmọ-ọ̀wọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Michael Maltese àti Warren Foster ti kọ ìtàn fún Bugs Bunny ní ilé-iṣẹ́ Warner kí wọ́n tó wá síbẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1961 nígbà tí Mel Blanc, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ fún Barney nínú The Flintstones, ní ìjàm̀bá ọkọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Butler bá a dí àyè náà fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kàkà kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ pátápátá, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá a lórí ibùsùn tí ó dùbúlẹ̀ sí nínú sìmẹ́ǹtì tí dókítà fi dì í lára. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣọ́ ìyàwòrán kan ṣoṣo ná yìí kò ṣọ́ ohùn ná.

Bí a bá wo àhunpọ̀ ìtàn Yogi Bear, a ó rí i pé ìbátan Ìjàpá ni. Béárì yìí ń gbé inú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Jellystone, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa jí agbọ̀n oúnjẹ àwọn àlejò afẹ́ gbé. Boo-Boo kékeré ń kìlọ̀ fún un bí Yánníbo ṣe ń kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó sì ń lé e. Ó gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà rẹ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ wà ṣá o. Ìjàpá máa ń ru ẹ̀gún ìwà rẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, orí rẹ̀ pá, ojú tì í láàrin ọjà. Yogi kì í ru nǹkan kan kọjá ìṣẹ́jú méje. Ibi tí ìtàn ti bá a ni ìtàn yóò fi í sílẹ̀ sí, nítorí pé ọjà ọ̀la gbọ́dọ̀ bá a níbẹ̀. Òótọ́ ni pé Ìjàpá tí ó kú lánàá a máa jí lónìí. Ṣùgbọ́n apàlọ́ ni ó jí i, ẹ̀kọ́ ìtàn àná sì ti wọ àwọn ọmọ létí. Ti Yogi, òwò ni ó jí i. A kò sọ èyí láti fi tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. A sọ ọ́ kí a lè rí ibi tí owó ti fọwọ́ kan àhunpọ̀ ìtàn fúnra rẹ̀.

Àwọn Onígbọ̀wọ́

The Huckleberry Hound Show, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ni kàtúùnù orí amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Emmy, ní 1960. Kellogg, àwọn tí ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ alágbàdo, ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí The Flintstones jáde lórí ABC ní 30 oṣù kẹsàn-án 1960, àgbàlagbà ni wọ́n fojú sùn, wákàtí alẹ́ ni wọ́n sì ń gbé e jáde. Sìgá Winston wà lára àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀, Fred àti Barney sì ń mu sìgá náà nínú ìpolówó ọjà. Onígbọ̀wọ́ kejì ni Miles Laboratories tí ń ṣe oògùn fáítámì. Lẹ́yìn náà ni Welch, àwọn oní-omi èso àjàrà, wá gba ipò Winston. Ẹ̀dá-ìtàn tí ó ti pòwe sìgá fún àgbà wá ń polówó ohun mímu fún ọmọdé.

Ìtàn ọmọ tí Wilma bí ní 1963 tún sọ nǹkan fún wa. Barbera fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ọmọkùnrin ni àwọn fẹ́ kí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé sọ pé bèbí obìnrin ni ó ń tà. Báyìí ni Pebbles ṣe di obìnrin. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bá kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé fi ọmọbìnrin yìí ṣe àpẹẹrẹ ìfẹ́ ìdílé, a kò ní í gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé ọjà ni ó kọ́kọ́ yan ọmọ náà. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò bàjẹ́. 166 ni ìtàn The Flintstones tí wọ́n ṣe kí ó tó parí ní 1966, ohun tí ó sì mú un pẹ́ ni ìjà ẹnu láàrin tọkọtaya, tí àwọn elérè tí wọ́n mọ rẹ́díò dáadáa ń ṣe.

Láti Ọwọ́ Kan sí Ọwọ́ Kejì

Ní oṣù Kejìlá 1966, ilé-iṣẹ́ Taft Broadcasting ti ìlú Cincinnati ra Hanna-Barbera ní 12 mílíọ̀nù dọ́là. Hanna àti Barbera ṣì ń ṣe ọ̀gá, ṣùgbọ́n ilé ti di ti ẹlòmíràn. Ní àkókò yìí kan náà, ọjà kàtúùnù ti kúrò ní alẹ́, ó ti bọ́ sí òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí ọmọdé nìkan ń wò. Ìtàn bí 13 sí 17 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán máa ń rà, tí wọn yóò sì máa tún un gbé jáde léraléra. Ẹni tí ó ń ra ọjà báyìí fẹ́ ohun tí ó ti mọ̀.

Ohun mìíràn tún dé. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ìjà pọ̀ jù nínú kàtúùnù. Ẹgbẹ́ Action for Children's Television, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, wà lára àwọn tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà ga. Scooby-Doo, Where Are You! tí ó jáde lórí CBS ní 1969 jẹ́ ìdáhùn sí i: ọ̀dọ́ mẹ́rin àti ajá kan tí wọ́n ń wádìí iwin, tí iwin náà yóò sì já sí ènìyàn tí ó wọ ẹ̀kú. Iṣẹ́ náà dára, ó sì kọ́ ọmọ pé kí ó wo abẹ́ ẹ̀kú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi di àdàkọ: Josie and the Pussycats ní 1970, Speed Buggy ní 1973, Jabberjaw ní 1976. Orúkọ yí padà, yanyan rọ́pò ajá, ìtàn kò yí padà.

Níbi yìí ni a rò pé ikán ti mu òpó. Owó ti gba ìmira kúrò láti 1957. Àwọn òbí tún ti gba ìjà kúrò. Ẹnu nìkan ni ó kù, ìgbà yẹn gan-an ni ó sì yẹ kí wọ́n fún ẹnu lágbára sí i. Dípò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá-ìtàn sì di èyí tí a lè mú láti inú eré kan sínú èkejì láìsí pé ẹnikẹ́ni fura.

Wọ́n tún gbé ìyàwòrán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè tí owó iṣẹ́ ti kéré, bí Australia àti Taiwan. Àwọn ayàwòrán Los Angeles yanṣẹ́ lódì ní 1979 àti 1982 nítorí èyí. Ti àkọ́kọ́ yọrí sí rere, ti èkejì já sí pàbó. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ni wọ́n gbé lọ sí òkèèrè. Ìtàn kíkọ àti ohùn gbígbà sílẹ̀ dúró sí Los Angeles. Ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ pé a lè háyà ọwọ́ níbikíbi, ṣùgbọ́n ẹnu ní ilé.

Ní 1991, Ted Turner àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ra Hanna-Barbera ní 320 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn fíìmù àtijọ́ ni owó ńlá náà wà fún ju ohunkóhun lọ, nítorí pé ní oṣù kẹwàá 1992 ni Turner fi wọ́n dá Cartoon Network sílẹ̀, ìkànnì tí àwọn ọmọ tiwa náà wá mọ̀ láti orí DStv. Ìṣirò tí MGM ṣe ní 1957 ni ó tún padà wá. Turner sì ti ra àwọn fíìmù àtijọ́ MGM láti 1986, nítorí náà Tom and Jerry àti ilé-iṣẹ́ àwọn tí ó ṣẹ̀dá wọn tún bára wọn lábẹ́ òrùlé kan, òrùlé tí kì í ṣe ti Hanna, tí kì í sì í ṣe ti Barbera. Nígbà tí wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ láyè láti 1995 láti mú ìtàn tiwọn wá, iṣẹ́ tuntun bí Dexter's Laboratory (1996) àti The Powerpuff Girls (1998) jáde, ọ̀rọ̀ sì tún kún ẹnu. Time Warner gba gbogbo rẹ̀ ní 1996. Hanna kú ní oṣù kẹta 2001, ọdún náà ni wọ́n sì pa ilé-iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ẹ̀ka kàtúùnù Warner.

Ohun Tí Èyí Kọ́ Olùkọ́ àti Olùdánwò

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ láàrin wa lórí kàtúùnù. Àwọn kan gbà pé eré ọmọdé lásán ni, kò yẹ kí ó dé inú kíláàsì lítíréṣọ̀. Àwọn mìíràn gbà pé bí ó bá ṣáà ti ń sọ Yorùbá, kí a yìn ín. Ìtàn Hanna-Barbera tako èrò méjèèjì. Bí ẹnu bá jẹ́ òpó iṣẹ́ náà, ó bọ́ sí abẹ́ irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ lítíréṣọ̀ alohùn wò. Bí ó bá sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láìṣojúsàájú.

Ohun tí a kọ́kọ́ dábàá ni kí olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ di ojú, kí wọ́n gbọ́ kàtúùnù náà láìwò ó. Ṣé a mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé nínú ìsọ̀rọ̀ wọn? Nínú ìtumọ̀ tí wọ́n kánjú ṣe, ọmọ lè sọ fún baba rẹ̀ pé, 'Ṣé o ti jẹun, Bàbá?' Gbólóhùn náà kò ní àṣìṣe gírámà, ṣùgbọ́n ẹ̀dá-ìtàn ti bàjẹ́. 'Ṣé ẹ ti jẹun, Bàbá?' ni ọmọ tí a kọ́ yóò sọ. Àwòrán kò lè tún irú èyí ṣe.

Èkejì ni ohùn ọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹnu àwòrán ni ó lé àwọn tí àwọn fi sáré sọ̀rọ̀, tí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọkọ́ létí ẹni tí ń gbọ́. Àwáwí yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. A ti rí i pé ẹnu kàtúùnù olówó pọ́ọ́kú kò ju bí mélòó kan lọ. Èdè kankan ni ó lè wọ inú rẹ̀, bí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà bá mọ ìwọ̀n àkókò tí ẹnu fi ń là tí ó fi ń pa dé. Òǹkọ̀wé ni ó yẹ kí ó gé gbólóhùn kúrú. Kì í ṣe elérè ni yóò fi ìkánjú pa ohùn rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin. Àwọn tí wọ́n bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn orin ìyìn àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin Òyìnbó yóò mọ ewu tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó. Nígbà tí wọ́n bá gbé ohùn Yorùbá wọ kàtúùnù ilẹ̀ òkèèrè, àwòrán ti wà nílẹ̀. Ẹnu nìkan ni ó kù láti sanwó fún. Bí wọ́n bá tún ṣọ́ owó ẹnu ná, kí ni wọ́n wá fún ọmọ? Ẹgbẹ́ olùkọ́ lè máa bèèrè pé kí wọ́n gba ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dénú láti tún ọ̀rọ̀ náà kọ, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi àlọ́ wa ṣe kàtúùnù gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó fọwọ́ sí ìwé pé ta ni yóò ni Ìjàpá náà nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Fún olùdánwò, bí a bá béèrè ìbéèrè lórí kàtúùnù, kí máàkì wà fún àlàyé ìlò èdè àti ìfìwàwẹ̀dá ju èyí tí a ó fún ìròyìn àwòrán lọ.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé owó kò wà lẹ́yìn òde iṣẹ́ ọnà. Òun ni ó dá ara Yogi dúró, òun ni ó yan Pebbles ní obìnrin, òun ni ó sì sọ Scooby di àdàkọ. Ṣùgbọ́n àìlówó nìkan kò pa iṣẹ́ Hanna-Barbera. 3,000 dọ́là tí kò tó nǹkan bí iṣẹ́ tí ó dùn ún gbọ́, nígbà tí mílíọ̀nù méjìlá bí àdàkọ lórí àdàkọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì ni ọ̀rọ̀. Àwọn baba wa ti sọ pé ọ̀rọ̀ ni ó ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ni ó ń yọ ọfà lápò. Kí àwọn tí ń ṣe kàtúùnù fún ọmọ Yorùbá mọ èyí tí wọ́n ń yọ, kí àwa náà sì máa sọ fún wọn.